Àwọn Ẹyẹ Inú Ọyẹ́ ní Oko Bàbá Wa

Tí ọyẹ́ bá ti dé sí Kétu, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ìhà àríwá bá ti ń fa ètè ya, tí eruku pupa sì ti bo ewé igi lójú pópó, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé oko ti ṣófo. A ti ká àgbàdo, a ti wa ẹ̀pà, a ti já òwú. Ohun tí ó kù lórí ilẹ̀ kò ju pòròpórò gbígbẹ, ebè tí ó ti wó, àti eérú níbi tí a ti sun koríko. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀bá irú oko bẹ́ẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀ láti Kútọnu yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò sì ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi pàápàá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, nílé àti lẹ́yìn odi, bí ojú mi ṣe là sí ohun tí ń bẹ nínú oko náà, àti ohun tí ó mú mi ṣe.

Oko tí mò ń wí wà lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Ìlárá. Bàbá wa ni ó ṣán ibẹ̀, tí ó fi àdá àti ọkọ́ sọ ọ́ di oko àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà. Ní apá kan, níbi tí wọ́n gbin pèrègún sí láti fi pààlà, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi. Koríko bo ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí bàbá fi dágbére fáyé. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá lo oṣù kejìlá ní Kétu lọ́dọọdún. Dókítà ti sọ fún mi pé kí n máa fi ẹsẹ̀ rìn láàárọ̀. Mo ń fi awò olójú méjì, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní jumelles, kọ́ ọrùn, mo sì ń rìn lọ sí oko. Ní yunifásítì, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ni mo kọ́, gbogbo rẹ̀ ní èdè Faransé. Mo mọ bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ṣe ń ti aginjù Sàhárà wá, ṣùgbọ́n n kò lè dárúkọ ẹyẹ mẹ́ta tí ń la aginjù náà kọjá wá sọ́dọ̀ wa.

Fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, n kò rí ju àdàbà lọ. Ẹ̀bi náà tèmi ni. Bí ẹni tí ó ń sáré lọ sí ọ́fíìsì ni mò ń rìn nínú oko. Àwọn àgbà ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Nínú oko gbalasa, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ẹyẹ ilẹ̀ ti rí wa kí àwa tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àbúrò mi, ẹni tí ó ń ro oko náà láti ìgbà tí bàbá ti lọ, ni ó rí mi lọ́jọ́ kan tí ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí oko gbàgbé yín.”

Mo jókòó sórí kùkùté kan. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí mo fi rí i pé oko kò ṣófo.

Ohun tí mo ti kọ́ láti ọjọ́ náà kò ju ìwọ̀nba lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e kò ní pàdánù. Ẹ dé oko kí aago méje tó lù. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, òtútù mú ẹyẹ bí ó ti mú ènìyàn. Wọ́n á gun orí ohunkóhun tí ó bá ga díẹ̀ láti yá oòrùn. Nígbà tí yóò bá fi di aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, ooru ti dé, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ sínú koríko. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, nítorí eruku ọyẹ́ máa ń sọ ìmọ́lẹ̀ di funfun, tí gbogbo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ á sì dúdú. Ẹ má ṣe fi ojú wo gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú poro kan, ẹ tẹ̀ lé e láti ìtòsí lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí ẹ tó mú òmíràn. Ẹ wo ohun tí ó yọrí: pòròpórò tí kò tíì wó, èèkàn, kùkùté, òkìtì ikán. Ẹ wo ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Ògúlùtu tí ó bá rìn, kì í ṣe ògúlùtu. Àparò ni.

Àparò ni àgbà nínú àwọn onílé. Aṣọ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí àwọ̀ ilẹ̀, nítorí náà etí ni a fi ń kọ́kọ́ rí i, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti gbọ́ nínú ìpàdé púpọ̀ pé àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tí ó bá gun orí ebè. A máa ń fi í pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ oyè àti ti ipò. Ṣùgbọ́n inú oko yìí ni mo ti kọ́kọ́ fi ojú ara mi rí i: akọ kan gun orí ebè, ó na ọrùn, ó ké. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, n kò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ mọ́ láàárín àwọn ìyókù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà ti jókòó pẹ́ nínú oko.

Níbi tí àwọn Fúlàní bá ti ń da màlúù, níbẹ̀ ni lékeléke wà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá ń fò kọjá lókè, a máa ń na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n fún wa ní èékánná funfun. A rò pé nítorí tiwa ni wọ́n ṣe wá. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wa, àti pé nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á padà sí ìhà àríwá láti lọ yé ẹyin níbi tí òjò ti mú kí koríko àti kòkòrò pọ̀. Bákan náà ni àwòdì. Níbi tí a bá ti ń sun igbó, ẹ gbé ojú sókè: wọ́n á máa yí po lókè èéfín, wọ́n á máa já tata tí iná ń lé jáde. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, wọ́n á dín kù.

Ní ẹsẹ̀ àwọn màlúù náà, ẹ óò rí ẹyẹ kékeré kan tí àyà rẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè, tí ń rìn kánkán, tí ń mi ìrù sókè sódò. Bergeronnette printanière ni àwọn Faransé ń pè é. Yúróòpù ni a ti bí i. Ó ti la òkun àárín ilẹ̀ àti Sàhárà kọjá kí ó tó wá máa sáré láàárín ẹsẹ̀ màlúù ní Kétu.

Ẹyẹ wà lórí adé ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ọba Yorùbá. Ẹyẹ wà lórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí àwa ará Kétu fi ń yangàn, tí UNESCO sì kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun àjogúnbá iyebíye gbogbo àgbáyé. A mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹyẹ tí a fi igi gbẹ́ tàbí tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sín. Èyí tí ó ní ẹ̀jẹ̀ lára, tí ó wà nínú oko wa, ni a kò bìkítà fún.

Ẹyẹ tí ó mú mi kọ àròkọ yìí kò jọ ẹyẹ adé rárá. Kò ju ẹyẹ ẹ̀gà lọ, kò sì wúwo ju gíráàmù 15 sí 20. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí pòròpórò gbígbẹ tí a ta dúdú sí, àyà rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ọsàn tí ó ń pọ́n bọ̀, ilà funfun kan sì gba òkè ojú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé ènìyàn fi ẹfun fà á. Tarier des prés ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé Faransé. Níhìn-ín n ó máa pè é ní ẹyẹ orí pòròpórò, nítorí ibẹ̀ ni ó ń gbé. Á dúró sí téńté, á wo ilẹ̀, á já lu kòkòrò kan, á sì padà sórí pòròpórò kan náà. Òun nìkan ni ó ń dá wà. Ó ní ààlà tirẹ̀, bí irú rẹ̀ mìíràn bá sì kọjá ààlà náà, á lé e.

Ní Faransé, ní Jámánì, ní Polandi títí dé Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ń yé ẹyin. Ju 4,000 kìlómítà ni ó wà láàárín àárín gbùngbùn Faransé àti Kétu, òru ni wọ́n sì ń fò jù. Ní ìhà Jos ní Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ ti fi òrùka aláwọ̀ sí ẹsẹ̀ irú ẹyẹ yìí. Nígbà tí ọdún yí po, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yè padà wá. Kì í ṣe sí Áfíríkà lásán, kì í ṣe sí Nàìjíríà lásán, bí kò ṣe sí oko kan náà, nígbà mìíràn sí àyíká igi kan náà.

Tèmi kò ní òrùka lẹ́sẹ̀, n kò sì lè búra pé ẹyẹ kan náà ni. Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́rin léra wọn, ní ẹ̀gbẹ́ pèrègún bàbá wa, níbi tí ilẹ̀ ti ń sinmi, mo bá ẹyẹ kan ní ibùdó kan náà. Ní ọdún kejì, mo yà á sí kàyéfì. Ní ọdún kẹta, mo ti ń wá a kí n tó jókòó.

Ẹ óò ti mọ ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn. Ní 1886, ogun Dàhòmì run Kétu. Wọ́n kó àwọn baba ńlá wa tí ó ṣẹ́kù lọ sí Àgbómẹ̀, ìlú sì di ahoro. Ní oṣù kọkànlá 1892 àwọn Faransé wọ Àgbómẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di 1893 sí 1894, àwọn ọmọ Kétu ti ń padà bọ̀, wọ́n sì tún fi Alákétu jẹ. Mo máa ń ronú nípa ọmọ tí a bí ní oko ẹrú ní ọdún wọ̀nyẹn. Kò rí Kétu rí. Ẹnu ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ti gbọ́ ọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dé, ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìdènà, ẹnu odi wa, wà níbẹ̀, ó sì wà títí dòní. Àwọn mìíràn wà tí a ti tà kọjá òkun ṣáájú ogun náà, tí wọn kò padà mọ́; ní Bàhíà ní Brazil, orúkọ Kétu nìkan ni wọ́n rí dì mú, àwọn ilé òrìṣà sì ń jẹ́ ẹ títí di ọjọ́ òní. Ẹni tí a kó lọ lè fi ọkàn pa ilé mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè padà, àfi kí ibi tí yóò padà sí wà.

Èyí ni mo gbé wá sí ìpàdé ẹbí ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kejì. Ẹnì kan nínú ìlú fẹ́ gba gbogbo oko náà fún ọdún púpọ̀ láti gbin kajú sí i, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹbí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí ń sinmi, nípa àparò, nípa ẹyẹ tí ń ti òkè òkun wá sí ẹ̀gbẹ́ pèrègún bàbá wa. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “mo ti gbọ́ ti ẹyẹ. Èmi ni mo ní kí ẹ jókòó wò ó. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í san owó ilé-ìwé, òrùlé bàbá wa sì ń jò.”

N kò rí èsì fọ̀. Ọmọ mẹ́ta ni ó ní nílé-ìwé. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń gba owó oṣù ní Kútọnu, òun ni ó wà lẹ́yìn ọkọ́.

Àbúrò bàbá wa obìnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ni ó gba ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé yóò gbè mí.

“Bàbá yín kò fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ nítorí ẹyẹ kankan,” Ìyá ní. “Ó ti rẹ ilẹ̀ náà ni, ó sì ní kí ó sinmi kí ó lè tún so.” Ó wò mí. “Ìwọ tí o fẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀, ṣé ìwọ ni yóò máa wà níbẹ̀? Àbí àwa ni kí a máa bá ọ ṣọ́ ẹyẹ títí ọyẹ́ yóò fi gbé ọ dé?”

Ilé pa lọ́lọ́. Mo ti fi ọdún 1894 ṣe àlàyé fún wọn, mo sì ti rò pé èmi ni ẹni tí ń pa ibi ìpadàbọ̀ mọ́. Ìyá rí i kedere pé èmi gan-an ni àlejò ọyẹ́, tí ń dé ní oṣù kejìlá, tí ń fò lọ kí òjò tó rọ̀, tí ó sì fẹ́ bá gbogbo nǹkan bí ó ti fi í sílẹ̀.

Ibi tí a wá parí rẹ̀ sí nìyí. Ìdá méjì nínú mẹ́ta oko lọ fún kajú. Ìdá kẹta, pẹ̀lú pèrègún àti ilẹ̀ tí ń sinmi, bọ́ sí ọwọ́ mi. Lọ́dọọdún, láti inú owó ìfẹ̀yìntì mi, mo ń san fún àbúrò mi ohun tí ì bá rí gbà lórí ìdá náà. Mo ń wá ní àsìkò òjò pẹ̀lú, kì í ṣe ní ọyẹ́ nìkan. A ń gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sí ìlàjì, a ń jẹ́ kí ìlàjì sinmi, ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà a óò pààrọ̀ wọn. A kì í ká pòròpórò kúrò títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Àtẹ́lẹwọ́ mi lé ròrò ní ọdún àkọ́kọ́, àbúrò mi sì rí ohun tí yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ti kà pé iye ẹyẹ orí pòròpórò ti lọ sílẹ̀ púpọ̀ ní Yúróòpù. Orí ilẹ̀ ni ó ń ṣe ìtẹ́ sí, nínú koríko pápá. Nísinsìnyí ẹ̀rọ ń gé koríko náà ṣáájú àkókò, kí ọmọ rẹ̀ tó lè fò. Ọ̀nà ibẹ̀ ti ń dí mọ́ ọn. Tí tìhín náà bá dí, kò ní ibì kan mọ́.

Ní oṣù kọkànlá tí ó kọjá, mo dé ṣáájú rẹ̀. Èyí kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo jókòó sórí kùkùté mi láàárọ̀ márùn-ún tẹ̀ léra, òfìfo ni orí gbogbo pòròpórò. Ní ọjọ́ kẹfà, ọyẹ́ nípọn débi pé n kò rí pèrègún láti ibi tí mo wà. Nígbà tí eruku ká díẹ̀, mo rí ilà funfun náà lókè ojú rẹ̀. Orí èèkàn tí a fi pààlà sáàárín ti kajú àti tiwa ni ó wà. Ó já lu nǹkan kan nílẹ̀ ní ìhà ti kajú, ó sì padà sórí èèkàn.

Kajú kò tíì ju orúnkún lọ. Lọ́jọ́ tí òjìji rẹ̀ bá bo ilẹ̀, ẹyẹ náà kò ní rí oúnjẹ ní apá ibẹ̀ mọ́, ìdá kan ṣoṣo ni yóò kù fún un. Bóyá yóò tó fún ẹyẹ kan. Mo pe àbúrò mi wá wò ó. Ó gba awò lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́, ó ní, “Ó ti rù o. Ọ̀nà rẹ̀ jìn.” Ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ń bọ̀ wá sílé ní ìparí ọdún, tí ẹ ó lọ kí Kábíyèsí Alákétu láàfin, tí ẹ ó ya àwòrán níwájú Ìdènà: ẹ fi òwúrọ̀ kan sílẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí oko baba wọn kí aago méje tó lù, ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, ẹ jókòó, kí ẹ sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ro oko náà ohun tí yóò ná an láti jẹ́ kí apá kan rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀, àti èló ni ẹ̀yin lè gbé níbẹ̀.

Ẹ kú ọyẹ́ o.